Bí àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó wọ́pọ̀ ṣe ń yan ara wọn nínú gbólóhùn

Òjò tó rọ̀ gan-an, "heavy rain" ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Bó bá di ti afẹ́fẹ́, "heavy" ò wọ̀ ọ́ mọ́. "Strong wind" ni. Ẹni tó bá kọ "strong rain" kò ṣẹ̀ sí òfin girama kankan: ọ̀rọ̀-àpèjúwe ló ṣáájú, ọ̀rọ̀-orúkọ ló tẹ̀lé e, ohun tó ń sọ sì yé gbogbo ayé. Síbẹ̀, ẹni tó gbọ́ èdè náà láti kékeré yóò mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn kò dán. Ní 1966, Michael Halliday, onímọ̀ èdè ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tọ́ka sí irú rẹ̀. Tíì tó le ń jẹ́ "strong tea", kì í jẹ́ "powerful tea"; ọkọ̀ tó lágbára ń jẹ́ "powerful car", kì í jẹ́ "strong car". Ṣùgbọ́n bó bá kan àwíjàre tó múná dóko, "strong argument" àti "powerful argument" ni wọ́n ń sọ, kò sì sí èyí tí etí kọ̀ nínú méjèèjì. Ìtumọ̀ "strong" àti ti "powerful" fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà nínú ìwé atúmọ̀-èdè. Àwọn tí wọ́n ń bá rìn ló yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ìbárìn yìí ni àwọn onímọ̀ èdè ń pè ní "collocation". J. R. Firth, tó jẹ́ olùkọ́ fún Halliday, ló gbé e ga nínú ìmọ̀ èdè ní àwọn ọdún 1950. Lójú tirẹ̀, apá kan ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ wà lọ́wọ́ àwọn ọ̀rọ̀ tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Yorùbá náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. A ń pa òwe, a ń pa irọ́, a ń pa àlọ́, kò sì sẹ́ni tó ń ṣe àlọ́. Ọmọ tó ń dàgbà nínú èdè kì í kọ́ "pa" lọ́tọ̀ kó tó wá kọ́ "irọ́" lọ́tọ̀. Pa pọ̀ ló gbọ́ wọn, pa pọ̀ ló sì ń sọ wọ́n. Ẹni tó fi ìwé kọ́ èdè ló máa ń kó ọ̀rọ̀ jọ lẹ́yọ lẹ́yọ, tí yóò wá máa wá bí yóò ṣe tò wọ́n.

Ohun tó sì ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu ni pé àwọn ọ̀rọ̀ ńláńlá kọ́ ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. "Photosynthesis" kì í da ẹnikẹ́ni láàmú nínú gbólóhùn. "Get", "make", "on", "at" àti "the" ló le. Àkójọ ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n ṣe ní Yunifásítì Brown, ní Amẹ́ríkà, láti inú ìwé, ìwé ìròyìn àti oríṣiríṣi àkọsílẹ̀ tó jáde ní 1961. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù 1. Ìgbà 69,971 ni "the" nìkan fara hàn níbẹ̀, ìyẹn bí ọ̀rọ̀ 7 nínú 100. "Of" tẹ̀lé e pẹ̀lú 36,411, "and" sì jẹ́ 28,852. Bí ọ̀rọ̀ 135 péré ló gba ìdajì gbogbo àkójọ náà. Èyí túmọ̀ sí pé lẹ́yìn gbogbo ọ̀rọ̀ kan tó ní ìtumọ̀ tó ṣe é dì mú, ọ̀rọ̀ kékeré kan wà níbẹ̀ tó ń so ó mọ́ èkejì, àwọn asopọ̀ yìí gan-an sì ni ìwé atúmọ̀-èdè kì í lè ṣàlàyé tán.

Ẹ wo "a" àti "the". Òfin tí wọ́n fi ń kọ́ni rọrùn: "a" ń mú ohun tuntun wọlé, "the" ń sọ pé olùgbọ́ ti mọ èyí tí a ń wí. "I saw a man at the gate. The man was crying." Ó yé ni. Ṣùgbọ́n "go to bed" túmọ̀ sí lọ sùn, nígbà tí "go to the bed" jẹ́ kí ènìyàn rìn dé ìdí bẹ́ẹ̀dì, bóyá láti mú nǹkan lórí rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ló ń "go to school". Òbí tó fẹ́ rí olùkọ́ "goes to the school". Bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá dúró fún ìṣe tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀, "the" á yọwọ́. Bó bá dúró fún ilé tàbí nǹkan tó ṣeé fọwọ́ kàn, á padà. Kò sì délé gbogbo ènìyàn bákan náà. Aláìsàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà "in hospital", ti Amẹ́ríkà wà "in the hospital", bẹ́ẹ̀ ọ̀kan náà ni ipò àwọn méjèèjì.

Àkókò náà ní ètò tirẹ̀. Ojú kan pàtó ń gba "at": "at six o'clock". Ọjọ́ ń gba "on": "on Monday". Oṣù àti ọdún ń gba "in": "in March", "in 1961". Ó dà bíi pé bí àkókò bá ṣe gbòòrò sí i ni ọ̀rọ̀ náà ń yí padà. Àárọ̀, ọ̀sán àti ìrọ̀lẹ́ wá ń gba "in the", ṣùgbọ́n òru yapa pátápátá, "at night" ni. Bí ènìyàn bá sì lẹ orúkọ ọjọ́ mọ́ àárọ̀, ọjọ́ ló máa borí: "on Monday morning", kì í ṣe "in Monday morning". Àṣà ti bo òfin mọ́lẹ̀ níbi púpọ̀, kò sì sí ọgbọ́n tí a lè fi gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá.

Àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tó wọ́pọ̀ ló dùn ún yẹ̀ wò jù, nítorí àwọn ni wọ́n fi ìtumọ̀ wọn sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. A ń "make a mistake", a ń "make a decision", a ń "make progress". A ń "do homework", a ń "do the dishes". Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá béèrè ìyàtọ̀ "make" sí "do", wọ́n á ní "make" ń dá ohun tuntun sílẹ̀, "do" sì ń tọ́ka sí iṣẹ́. Èyí ràn án lọ́wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè sọ ìdí tí àṣìṣe fi jẹ́ ohun tí a "make" nígbà tí ìpalára jẹ́ ohun tí a "do", bíi nínú "do damage". Òótọ́ ibẹ̀ ni pé "make" ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo nínú "make a decision". Ọ̀rọ̀-orúkọ ló ru gbogbo ìtumọ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe kàn jókòó síbẹ̀ láti sọ ẹni tó ṣe é àti ìgbà tó ṣe é ni.

Kí ló dé tí wọn ò kúkú sọ "decide" kí ọ̀rọ̀ tán? Àǹfààní kan wà nínú pínpín rẹ̀ sí méjì. Ọ̀rọ̀-orúkọ máa ń gba ọ̀rọ̀-àpèjúwe mọ́ra wẹ́rẹ́. Ènìyàn lè "make a quick decision" tàbí kó "make a painful decision", ṣùgbọ́n "decide painfully" ò dùn létí. "Take a deep breath" rọrùn ju "breathe deeply once" lọ, "have a long talk" sì sọ pé ìjíròrò náà ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin, èyí tí "talk" nìkan kò sọ. Ìdí nìyí tí "make", "do", "take", "have" àti "give" fi wà káàkiri nínú ọ̀rọ̀ ẹnu. Èyí tí ọ̀rọ̀-orúkọ kan yóò mú nínú wọn ló ń dà bí àdéhùn tí wọ́n ti ṣe kí a tó dé: ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń "have a bath", ará Amẹ́ríkà sábà máa ń "take a bath".

Bákan náà ni ti ọ̀rọ̀-ìṣe àti ọ̀rọ̀-atọ́kùn. "Listen" ń fẹ́ "to", "wait" ń fẹ́ "for", "depend" ń fẹ́ "on". "Look" ń bá ọ̀pọ̀ wọn lọ, ó sì ń yí ìtumọ̀ padà mọ́ olúkúlùkù lọ́wọ́: "look at" ni wíwò, "look for" ni wíwá, "look after" ni títọ́jú. "Discuss" kò fẹ́ ẹnikẹ́ni, ó ń fọwọ́ kan ohun tí wọ́n ń jíròrò ní tààrà: "discuss the plan". Síbẹ̀ "discuss about" wọ́pọ̀ gan-an lẹ́nu àwọn tó fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe èdè kejì, kò sì yani lẹ́nu, nítorí pé "talk about" wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, "a discussion about the plan" náà sì tọ̀nà. Ọ̀rọ̀-orúkọ gbà á, ọ̀rọ̀-ìṣe kọ̀ ọ́.

Níbi tí ọ̀rọ̀-ìṣe ti lẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ kékeré títí wọ́n fi di ẹyọ kan, ìtò wọn tún ní òfin. "Put off" túmọ̀ sí sísún nǹkan síwájú, ìtumọ̀ tí kò sí nínú "put", tí kò sì sí nínú "off". A lè sọ pé "put off the meeting" tàbí "put the meeting off". Ṣùgbọ́n bí arọ́pò-orúkọ bá gba ipò "the meeting", àárín nìkan ló lè wà: "put it off". "Put off it" kò sí níbì kan. "Look after" wá yàtọ̀, nítorí "after" tirẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀-atọ́kùn gidi tí kò gbọdọ̀ yapa kúrò níwájú ohun tó ń tọ́ka sí: "look after her" ni, kì í ṣe "look her after". Etí náà lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Nínú "put it off", ohùn máa ń tẹ "off". Nínú "look at her", tí òun náà ní ọ̀rọ̀-atọ́kùn gidi, "look" ni ohùn tẹ̀.

Ti ìtò ọ̀rọ̀-àpèjúwe kò gba àlàyé púpọ̀. Èrò olùsọ̀rọ̀ ló ń ṣíwájú, ìtóbi tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ọjọ́ orí, ìrísí, àwọ̀, ibi tí nǹkan ti wá, àti ohun tí wọ́n fi ṣe é. Ìyẹn ló fi jẹ́ "a nice old wooden table", tí kò fi jẹ́ "a wooden old nice table". Ohun tí kò lè kúrò lára tábìlì, bí igi tí wọ́n fi kàn án, ló ń sún mọ́ ọn jù. Ohun tó kàn jẹ́ èrò ẹni tó rí i ló ń jìnnà. Ẹni tó bá mọ èyí kò nílò kó há ìtò náà sórí, nítorí pé ọ̀rọ̀-àpèjúwe tó bá ti ju mẹ́ta lọ kì í sábà tò sójú kan.

Òwe ní àgùntàn tó bá ajá rìn yóò jẹ ìgbẹ́, ó sì ṣẹ mọ́ ọ̀rọ̀ lára. Kò sí aburú kankan nínú ìtumọ̀ "cause"; ó kàn ń sọ pé nǹkan kan ló fa òmíràn ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn tó ń tẹ̀lé e: "problems", "damage", "pain", "concern", "death". Ní 1995, onímọ̀ èdè Michael Stubbs yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò nínú àkójọ ńlá, ó sì rí i pé ohun tí kò dára ló pọ̀ jù lẹ́yìn rẹ̀. Ìbárìn náà ti wá wọ ọ̀rọ̀ lára. Bí ẹnì kan bá kọ "her visit caused happiness", gbólóhùn náà á ta kókó sétí, nítorí pé "cause" ti jẹ́ kí olùkà máa retí aburú. "Brought happiness" ni ìbá kọ. Irú àwọ̀ báyìí ṣòroó rí fún ẹni tó ń lò ó pàápàá. Ẹni tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì láti kékeré ń tẹ̀lé e lójoojúmọ́ láìjẹ́ pé ó lè sọ ọ́ bí wọ́n bá bi í.

Ìdí rèé tí kíka iye ìgbà tí àwọn ọ̀rọ̀ ń pàdé fi ṣe pàtàkì. Harold Palmer, onímọ̀ èdè ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ń kó irú ìbárìn bẹ́ẹ̀ jọ ní Japan ní 1933, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀, kí kọ̀ǹpútà tó dé. Ní àwọn ọdún 1980, John Sinclair àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Birmingham kó ọ̀rọ̀ jọ sínú kọ̀ǹpútà, wọ́n sì gbé ìwé atúmọ̀-èdè jáde láti inú rẹ̀ ní 1987. Nígbà tó fi di 1994, àkójọ kan ti parí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó jẹ́ mílíọ̀nù 100 ọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ á to gbogbo ìlà tí ọ̀rọ̀ kan ti fara hàn, ọ̀rọ̀ náà á wà láàárín, àwọn tó wà lọ́tùn-ún àti lósì rẹ̀ á sì hàn gbangba.

Kíka iye lásán máa ń tan ni jẹ, ṣá. "Of the" wà lára àwọn tó ń fara hàn pọ̀ jù, ṣùgbọ́n ìyẹn kò jẹ́ ká mọ nǹkan kan, nítorí ibi gbogbo ni "of" wà, ibi gbogbo sì ni "the" wà. Ìbéèrè tó tọ́ ni bóyá ọ̀rọ̀ méjì ń pàdé ju bí wọn ìbá ṣe ṣèèṣì pàdé lọ. Ká ní nínú mílíọ̀nù 1 ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ kan fara hàn ní ìgbà 1,000, òmíràn ní ìgbà 500. Bó bá jẹ́ pé wọ́n kàn fọ́n wọn ká ni, wọn ò ní tẹ̀lé ara wọn ju bí ìdajì ìgbà kan lọ. Bí a bá wá rí wọn pọ̀ ní ìgbà 50, ó ti di ìlọ́po 100 ohun tí ṣèèṣì lè mú wá, nǹkan kan sì so wọ́n pọ̀ lóòótọ́. Claude Shannon, onímọ̀ ìṣirò ọmọ Amẹ́ríkà, ti fi hàn ní 1948 pé bí a bá ń yan ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí èyí tó máa ń tẹ̀lé ti ìṣáájú, ohun tó jọ Gẹ̀ẹ́sì á jáde láìjẹ́ pé ó ní ìtumọ̀. Ìpìlẹ̀ kan náà ni fóònù fi ń dábàá ọ̀rọ̀ tó kàn fún ẹni tó ń tẹ̀wé.

Ẹni tó fẹ́ wá ìbárìn ọ̀rọ̀ nínú ìwé atúmọ̀-èdè tàbí nínú àkójọ, ọ̀dọ̀ ọ̀rọ̀-orúkọ ni kó ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé òun ló sábà ń yan ọ̀rọ̀-ìṣe àti ọ̀rọ̀-àpèjúwe tí yóò bá a lọ. Lábẹ́ "make" tàbí "pay", ojú ìwé á kún débi pé kò ní rí ibi tí yóò dì mú. Lábẹ́ "attention", yóò rí i pé olùgbọ́ ń "pay" ẹ, ohun tó yàtọ̀ ń "attract" ẹ, ẹni tó fẹ́ kí wọ́n wo nǹkan ń "draw" ẹ, "to" ló sì ń tẹ̀lé e lẹ́yìn "pay".