Ta Ni Ó Kọ́kọ́ Bi Ilé Ní Ìbéèrè? Ìtàn Ìpilẹ̀ṣẹ̀ Ìwádìí Lórí Ilé Tí Ń Kọ́ni Lẹ́kọ̀ọ́

Ẹ̀ka ìwádìí kan wà ní yunifásítì lóde òní tí àwọn tí ó wà nídìí rẹ̀ kì í kọ́ ilé, tí wọn kì í sì í tà á. Ohun tí wọ́n ń wá ni ẹ̀kọ́ tí ilé fúnra rẹ̀ ń kọ́ ẹni tí ó ń wọlé tí ó ń jáde nínú rẹ̀. Ilé tí wọ́n máa ń yàn fún iṣẹ́ yìí ni èyí tí kò fi iná mànàmáná àti omi ṣòfò, tí ó ń gba ìmọ́lẹ̀ láti ojú fèrèsé kí ó tó tan gílóòbù, tí a sì kọ́ lọ́nà tí kò fi ni ilẹ̀ àti igbó tí ó yí i ká lára. Wọ́n ń bèèrè pé, bí ọmọ kan bá lo ọdún mẹ́ta nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ǹjẹ́ yóò mọ ohun kan tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó wà nínú ilé lásán kò mọ̀? Ikọ̀ tí Laura Cole kó jọ ní Yunifásítì Missouri ní Amẹ́ríkà wà lára àwọn tí a mọ̀ mọ iṣẹ́ náà. Bí a bá sì bèèrè ibi tí ó ti ṣẹ̀, ìlú Oberlin ní ìpínlẹ̀ Ohio ni wọ́n máa ń tọ́ka sí, ọdún 2000 ni wọ́n sì máa ń dá. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Odò náà ti ń ṣàn kí ó tó dé Ohio, ọmọ Yorùbá kan sì wà níbi orísun rẹ̀.

Kí n tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí a yanjú ọ̀rọ̀ orúkọ. Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì fi àwọ̀ ewé pe irú ilé yìí, àwọn kan sì ti sọ ọ́ di “ilé aláwọ̀ ewé” ní èdè wa. Orúkọ náà kò tẹ́ mi lọ́rùn. Lọ́nà kìíní, ẹni tí ó bá gbọ́ ọ yóò rò pé ọ̀dà ni wọ́n kùn ún. Lọ́nà kejì, àwọn baba wa kò ya àwọ̀ ewé sọ́tọ̀ gédégédé: dúdú, funfun àti pupa ni àwọn àwọ̀ tí èdè wa dì mú ṣinṣin, ewéko tí ó bá sì yọ̀ dáadáa, dúdú ni a máa ń pè é. Nítorí náà, “ilé tí ó bá àyíká rẹ́” ni èmi yóò máa lò, nítorí ìrẹ́pọ̀ ni ọ̀rọ̀ náà dá lé, kì í ṣe àwọ̀. Nǹkan mìíràn tún wà nínú èdè tí ó yẹ kí a ṣàkíyèsí. Nígbà tí ẹ̀kọ́ àwọn òyìnbó dé, ilé-ìwé ni àwọn ènìyàn wa pè é, wọ́n tún pè é ní ilé-ẹ̀kọ́. Wọ́n fi ilé ṣáájú, wọ́n fi ẹ̀kọ́ tẹ̀ lé e. Mi ò sọ pé orúkọ yìí tó ẹ̀rí níwájú adájọ́, ṣùgbọ́n kò yà mí lẹ́nu pé láti inú irú èdè bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ti wá.

Adédòkun Adéyẹmí ni orúkọ rẹ̀. Ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti Nàìjíríà tí ó ń kọ́ iṣẹ́ yíya àwòrán ilé ní Manchester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950. Ohun tí ó rí ni pé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ òun kò ní wúlò fún òun bí òun bá padà sílé, nítorí pé gbogbo rẹ̀ dá lórí ojú ọjọ́ àti ọ̀nà ìgbé ayé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kò gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ó mú un tọ àwọn tí ó lè gbọ́ lọ, láti inú akitiyan rẹ̀ ni àpérò kan sì ti jáde ní oṣù kẹta ọdún 1953 ní University College ní Lọ́ńdọ̀nù, tí gbogbo ọ̀rọ̀ ibẹ̀ dá lórí kíkọ́ ilé ní ilẹ̀ olóoru. Àwọn àgbà ayàwòrán-ilé tí orúkọ wọn ti kàn péjọ síbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ni ó pè wọ́n jọ.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìrònú tèmi lé e díẹ̀. Ní Manchester, níbi tí òtútù ti ń mú, wọn yóò ti máa kọ́ ọ bí a ti ń fa oòrùn wọ inú ilé, kí ooru tí a dá sínú rẹ̀ má baà jáde. Ní ilẹ̀ Yorùbá, òdì kejì rẹ̀ ni ọ̀mọ̀lé ń rò: bí a ó ṣe sé oòrùn mọ́ ìta, tí atẹ́gùn yóò sì rí ọ̀nà kọjá. Agbo ilé àtijọ́ fi èyí hàn fún ẹnikẹ́ni tí ó bá dàgbà sínú rẹ̀. Odi amọ̀ nípọn, kò sì tètè gbóná. Òrùlé yọ síwájú kọjá ogiri, ó fi òjìji bo ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí àwọn àgbà ń jókòó sí. Ní àárín àwọn ilé tí ó ní àgbàlá, ìkòkò máa ń wà lábẹ́ ìṣàn òrùlé láti gba omi òjò. Ọmọdé kò jókòó gba ẹ̀kọ́ nípa nǹkan wọ̀nyí. Òun ni wọ́n rán pé kí ó lọ gbé ìkòkò sábẹ́ òrùlé nígbà tí òjò ṣú, òun ni ó sì mọ ẹ̀gbẹ́ ògiri tí ó tutù jù lọ ní ọ̀sán gangan. Bóyá Adéyẹmí dàgbà sínú irú agbo ilé bẹ́ẹ̀, bóyá kò dàgbà síbẹ̀, ohun tí ó fà á tí mo fi fún un ní ipò ìpilẹ̀ṣẹ̀ nìyí: àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀ bèèrè bí ilé yóò ṣe dára, ṣùgbọ́n òun bèèrè ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ rí kọ́ nínú ẹ̀kọ́ ilé kíkọ́ tí wọ́n gbé ka iwájú rẹ̀, ó sì rí i pé ẹ̀kọ́ náà kò bá ibi tí ó ń lọ mu.

Ìpè rẹ̀ kò já sí asán. Ní ọdún 1954, ilé-ẹ̀kọ́ Architectural Association ní Lọ́ńdọ̀nù dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ kíkọ́ ilé ní ilẹ̀ olóoru, Maxwell Fry, ayàwòrán-ilé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó sì kọ́kọ́ darí rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, Otto Koenigsberger, ọmọ Jámánì tí ó ti ṣiṣẹ́ pẹ́ ní Íńdíà, gba àkóso, ó sì sọ ọ́ di ibi tí wọ́n ti ń fi ìṣirò mọ ohun tí ooru, ọ̀rinrin àti atẹ́gùn ń bèèrè lọ́wọ́ ilé. Ibẹ̀ ni tábìlì tí a fi orúkọ Carl Mahoney pè ti jáde. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ ìwọ̀n ooru, òjò àti ọ̀rinrin oṣooṣù ìlú kan sínú rẹ̀, tábìlì náà yóò sì dá a lóhùn bí fèrèsé ṣe yẹ kí ó tóbi tó àti bí ògiri ṣe yẹ kí ó nípọn tó. Ní ọdún 1971, ẹ̀ka náà kó lọ sí University College, sí yunifásítì kan náà tí àpérò Adéyẹmí ti wáyé.

Fry tí mo dárúkọ yìí kì í ṣe àjèjì sí wa. Òun àti ìyàwó rẹ̀, Jane Drew, ni wọ́n ya àwòrán University College ní Ìbàdàn, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1948. Ẹni tí ó bá ti dúró níwájú ilé ìkàwé Kenneth Dike mọ ohun tí mo ń sọ. Iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì oníhò ni ó bo ojú rẹ̀, tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá, tí oòrùn fúnra rẹ̀ kò sì lè já lu ìwé àti òǹkàwé. Àwọn ilé mìíràn nínú ọgbà náà kò fẹ̀ níbùú, kí atẹ́gùn tí ó bá wọlé ní ẹ̀gbẹ́ kan lè jáde ní ẹ̀gbẹ́ kejì kí ó tó gbóná. Ní ọdún 1956, Fry àti Drew kó ohun tí wọ́n kọ́ ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà jọ sínú ìwé kan, ìwé náà sì di ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ olóoru ń kà níbi gbogbo. Ẹ wo bí ó ti rí: ilé ní Ìbàdàn kọ́ àwọn tí ó kọ́ ọ, àwọn náà sì fi ohun tí wọ́n rí kọ́ níbẹ̀ kọ́ ẹlòmíràn. Bí èyí kò bá jẹ́ ilé tí ń kọ́ni, mi ò mọ èyí tí ó tún lè jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ifẹ̀ náà kò gbẹ́yìn. Arieh Sharon, ọmọ Ísírẹ́lì, ni ó ya àwòrán ọgbà yunifásítì tí ó ń jẹ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lónìí. Ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ènìyàn, àjà òkè yọ síta ju ti ìsàlẹ̀ lọ, àfi bí ẹni dojú pírámíìdì dé, kí ti òkè lè ṣe agboòrùn fún ti ìsàlẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí ó sì gbà á lọ́wọ́ òjò. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá sá fún òjò wọ abẹ́ rẹ̀ ti gba ẹ̀kọ́ kan, yálà ó mọ̀ tàbí kò mọ̀. Mo gbà pé kò sí ẹni tí ó fún un ní ìwé ìbéèrè láti mọ̀ bóyá ó mọ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni àwọn alátakò mi máa ń dì mú.

Àwọn kan yóò sọ pé MIT, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ kan ní Amẹ́ríkà, ni ó bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀, nítorí pé ní ọdún 1939 Hoyt Hottel àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́ ilé tí oòrùn ń mú móoru. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n omi gbígbóná inú táǹkì ni wọ́n ń wọ̀n. Àwọn mìíràn yóò mẹ́nu kan ilé-ẹ̀kọ́ St George's ní Wallasey, ní ẹ̀gbẹ́ Liverpool, tí Emslie Morgan fi ògiri dígí ńlá ṣe ojú gúúsù rẹ̀ ní ọdún 1961. Oòrùn, gílóòbù àti ara àwọn ọmọ ni ó ń mú un móoru. Ilé àràmàǹdà ni, àwọn onímọ̀ sì wọ̀n ooru rẹ̀ títí, síbẹ̀ ara ọmọ ni wọ́n kà sí ẹ̀rọ amúlémóoru, ọ̀rọ̀ ooru ni ó sì jẹ wọ́n lógún jù, kì í ṣe ẹ̀kọ́ tí ilé náà ń kọ́ ọmọ.

Mo wá dé Oberlin. Mi ò ní fi ẹ̀tọ́ dù wọ́n, nítorí pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ dùn ún gbọ́. David Orr, tí ó dé ibẹ̀ ní ọdún 1990 láti darí ẹ̀kọ́ nípa àyíká, ń sọ pé gbogbo ilé yunifásítì ni ó ń kọ́ni lábẹ́lẹ̀, àti pé èyí tí ó ń fi iná àti omi ṣòfò ń kọ́ ọmọ pé ìfiṣòfò kò ṣe nǹkan kan. Òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ jókòó ro bí ilé mìíràn yóò ṣe rí, William McDonough àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ya àwòrán rẹ̀, wọ́n sì ṣí Adam Joseph Lewis Center ní ọdún 2000. Sólà wà lórí òrùlé rẹ̀. Omi ìdọ̀tí ilé náà ń gba inú àwọn táǹkì tí ewéko wà nínú wọn kọjá, ó ń mọ́, wọ́n sì ń fi í ṣan ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí ó tóbi jù nínú rẹ̀ wá láti inú àríyànjiyàn. John Scofield, ọ̀jọ̀gbọ́n físíìsì ní ilé-ìwé kan náà, ka mítà ilé náà fúnra rẹ̀, ó sì sọ gbangba pé iná tí ó ń lò ju èyí tí àwọn olùfẹ́ rẹ̀ ń kéde lọ. Òun àti àwọn olùfẹ́ ilé náà kò gbà fún ara wọn, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni kò ti ṣeé ṣe mọ́ láti sọ̀rọ̀ irú ilé bẹ́ẹ̀ láìgbé nọ́ńbà sílẹ̀.

John Petersen, tí òun náà jẹ́ olùkọ́ ní Oberlin, àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ gbé nọ́ńbà wọ̀nyẹn sí ojú kọ̀ǹpútà, kí gbogbo ènìyàn lè máa wò ó bí ó ti ń lọ. Ní ọdún 2005, wọ́n fi ìdíje dídín iná kù sáàárín àwọn họ́sítẹ́ẹ̀lì, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2007: iná tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń lò fi 32% dín kù lápapọ̀. Níbi tí wọ́n ti lè rí i ní kíákíá bí iná tí wọ́n ń lò ṣe ń gòkè tí ó ń sọ̀, 55% ni ó dín kù, nígbà tí ti àwọn tí wọn kò rí i ní kíníkíní bẹ́ẹ̀ jẹ́ 31%. Omi kò fi ju 3% lọ dín kù. Èmi fẹ́ràn nọ́ńbà tí ó gbẹ̀yìn yìí, nítorí pé ó fi hàn pé ẹ̀kọ́ iná kì í fúnra rẹ̀ di ẹ̀kọ́ omi.

Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ yára. Ní ọdún 2007, LEED, ìlànà tí wọ́n fi ń dá irú ilé wọ̀nyí lọ́lá ní Amẹ́ríkà, gbé ẹ̀dà kan jáde fún ilé-ẹ̀kọ́, ó sì fi máàkì sílẹ̀ fún ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá lo ilé rẹ̀ fún ìkọ́ni. Ní ọdún 2013, Laura Cole gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Michigan pẹ̀lú ìwádìí lórí ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá àyíká rẹ́ tí ó sì ń kọ́ni. Ní Missouri, òun àti àwọn onímọ̀ ìkọ́ni sáyẹ́ǹsì darapọ̀ láti mọ ohun tí àwọn ọmọ mọ̀ nípa ilé àti agbára tí ó ń lò. Ní ọdún 2019, ó tẹ ìlànà kan jáde tí ó sọ ohun tí a lè pè ní mímọ ilé kà: kí ènìyàn mọ bí ilé ṣe ń ṣiṣẹ́, kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ ẹ́ lógún, kí ó sì lè ṣe nǹkan kan sí i.

Lójú tèmi, mímọ ilé kà ni Adéyẹmí ń bèèrè fún ní ọdún 1953, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò pè é bẹ́ẹ̀. Bí ikọ̀ bíi ti Cole bá wá gbé ìwé ìbéèrè dé Ìbàdàn lọ́jọ́ kan, mo mọ èyí tí mo fẹ́ kí wọ́n fi ṣe ìbéèrè kìíní fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń ti ilé ìkàwé Kenneth Dike jáde: kí ni ihò tí ó wà lára ògiri yẹn wà fún?