Tí taskbar bá pòórá, ṣé Windows ti kú nìyẹn?

Ìbéèrè: Wọ́n ní Windows ni operating system kọ̀ǹpútà mi, ìyẹn sọ́fítíwíà àgbà tó ń darí rẹ̀. Ṣé àwọn áíkọ́ọ̀nù àti taskbar ìsàlẹ̀ yẹn ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Rárá o, ojú rẹ̀ lásán nìyẹn. Ẹ dán an wò fúnra yín. Ẹ kọ́kọ́ fi iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ yín pamọ́, kí ẹ wá fi orin sí i. Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pa pọ̀, Task Manager á yọjú. Ẹ wá Windows Explorer láàárín àwọn orúkọ tó tò síbẹ̀, ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún màúsì tẹ̀ ẹ́, ẹ yan End task. Kíá, taskbar á pòórá, áíkọ́ọ̀nù á bá a lọ. Ṣùgbọ́n ẹ tẹ́tí: orin ò dákẹ́, màúsì ṣì ń rìn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dá gbogbo rẹ̀ padà, ẹ wá Run new task nínú Task Manager kan náà (abẹ́ File ló wà nínú Windows 10), ẹ kọ explorer síbẹ̀, ẹ tẹ Enter.

Ìbéèrè: Kí ló wá ń gbé orin náà ró?

Ìdáhùn: Kernel ni, ìyẹn ìpìlẹ̀ operating system gan-an. Fáìlì rẹ̀ wà nínú fódà System32, ntoskrnl.exe lorúkọ rẹ̀. Ẹ lè wò ó, ẹ má fọwọ́ kàn án. Òun ló ń pín àkókò processor, ọpọlọ kọ̀ǹpútà: á fún sọ́fítíwíà yìí ní díẹ̀, á gbà á, á fún ìkejì, bí ìyá olóńjẹ tọ́wọ́ rẹ̀ yá débi pé oníbàárà kọ̀ọ̀kan rò pé òun nìkan ló ń dá lóhùn. Òun náà ló ń pín RAM, ìyẹn àyè tí sọ́fítíwíà tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ń lò, tó sì ń rí i pé ẹnì kan ò ki ọwọ́ bọ inú ohun ẹlòmíràn.

Àwọn tó lo Windows 98 á rántí ìyà yẹn: géèmù kan péré á gan, odindi kọ̀ǹpútà á bá a gan, ó di ká fa wáyà yọ. Ààlà tó wà láàárín sọ́fítíwíà àti ìpìlẹ̀ kò lágbára nígbà náà. Microsoft ti ní kernel tó dára jù bẹ́ẹ̀ láti 1993 nínú Windows NT tó ń tà fún iléeṣẹ́, àmọ́ ìgbà tí Windows XP jáde ní 2001 ló tó dé ọ̀dọ̀ àwa tá à ń lò ó nílé. Ìran kernel yẹn náà ló wà nínú Windows 10 àti 11.

Ìbéèrè: Tó bá lágbára tó bẹ́ẹ̀, kí ló ń fa ojú búlúù tó máa ń yọ nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ṣàdédé dá iṣẹ́ dúró?

Ìdáhùn: Lọ́pọ̀ ìgbà, dráífà ni: sọ́fítíwíà kékeré tó mọ bí a ṣe ń darí ẹ̀rọ kan pàtó, bíi pírìńtà tàbí Wi-Fi. Ọ̀pọ̀ dráífà ń ṣiṣẹ́ ní ìpele kernel, níbi tí kò sí ààlà mọ́. Tí ọ̀kan bá ṣe àṣìṣe níbẹ̀, Windows fúnra rẹ̀ á dá iṣẹ́ dúró kí nǹkan má baà bàjẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Gbogbo ayé rí i ní July 19, 2024. CrowdStrike, iléeṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà kan ní Amẹ́ríkà, fi àtúnṣe tó lábùkù ránṣẹ́ sí sọ́fítíwíà wọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ìpele kernel. Microsoft ṣírò rẹ̀ pé kọ̀ǹpútà bíi mílíọ̀nù 8.5 ló dá kú, ọ̀pọ̀ bàálù ò sì lè gbéra. Iye yẹn ò sì tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo kọ̀ǹpútà Windows!

Ìbéèrè: Fláàṣì mi jẹ́ 16GB, kò sí nǹkan lórí rẹ̀, síbẹ̀ ó kọ fíìmù 5GB.

Ìdáhùn: File system rẹ̀ ni, ìyẹn ìlànà tí wọ́n fi ń to fáìlì. FAT32 ni ọ̀pọ̀ fláàṣì ń bá wá látọjà. Bit 32 péré ni FAT32 fi ń kọ bí fáìlì kan ṣe tóbi tó sílẹ̀, nọ́ńbà tó bá sì ti pé 4GB kò lè wọ ibẹ̀. Ẹ format fláàṣì náà sí exFAT, fíìmù á wọlé. NTFS, file system mìíràn, ni C: (ibi tí Windows fúnra rẹ̀ wà) ń lò, kò mọ wàhálà yìí.

Ìbéèrè: Linux, operating system mìíràn yẹn, ńkọ́?

Ìdáhùn: Òun náà ní kernel àti ojú bíi Windows, ọwọ́ tó ṣe wọ́n ló pọ̀. Linus Torvalds ló bẹ̀rẹ̀ kernel rẹ̀ ní Finland ní 1991. Àwọn ẹlòmíràn ló ṣe ojú rẹ̀, KDE láti 1996, GNOME láti 1997. Ẹ lè fi ọ̀kan rọ́pò èkejì láìfọwọ́ kan kernel.

Ìbéèrè: Ẹni tó ń bá mi tún kọ̀ǹpútà ṣe ní àfi ká format rẹ̀, ìyẹn ká pa gbogbo ohun inú rẹ̀ rẹ́. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Ó lè jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti sọ format di gbogboǹṣe. Tó bá jẹ́ taskbar ló gan, Windows Explorer nìkan ni kí ẹ tún tan. Tí ohùn bá sọnù lẹ́yìn àtúnṣe, ẹ lọ sí Device Manager, ẹ wá dráífà náà, ẹ lo Roll Back Driver kó lè padà sí ti tẹ́lẹ̀. Tí ojú búlúù bá yọ (ó ti di dúdú nínú Windows 11 tuntun), ẹ ya fọ́tò rẹ̀. Orúkọ tó bá parí sí .sys níbẹ̀, dráífà ló sábà máa ń jẹ́. Kẹ́ ẹ tó jẹ́ kí ẹni tó ń bá yín tún un ṣe pa fọ́tò àti ìwé yín rẹ́, ẹ bi í pé apá wo ló bàjẹ́. Tí kò bá lè dárúkọ rẹ̀, ẹ gbé kọ̀ǹpútà yín lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.