Àríyànjiyàn lórí owó àti òṣèré fíìmù Black Panther: Wakanda Forever

Black Panther: Wakanda Forever ni apá kejì fíìmù Black Panther tí ilé-iṣẹ́ Marvel Studios ṣe. Ryan Coogler ló darí apá méjèèjì. Ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá ọdún 2022 ni apá kejì wọ ilé sinimá ní Amẹ́ríkà, ó sì pa nǹkan bíi mílíọ̀nù 859 dọ́là kárí ayé. Owó ńlá ni, ṣùgbọ́n apá kìíní tó jáde lọ́dún 2018 fi nǹkan bíi mílíọ̀nù 490 dọ́là jù ú lọ. Láàárín àwọn olólùfẹ́ fíìmù náà, ọ̀rọ̀ owó yìí ti lọ́ mọ́ ọ̀rọ̀ àwọn òṣèré. Àwọn kan ní ká ní wọ́n ti fi ẹlòmíràn rọ́pò Chadwick Boseman, olú òṣèré apá kìíní tó kú, owó náà ì bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn mìíràn ní ẹ̀yẹ tí wọ́n ṣe fún olóògbé náà gan-an ló kó èrò wá. Kò sí èyí tí iye owó náà lè dá láre nínú àwọn méjèèjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni wọ́n jọ fi ń jẹ́rìí.

Ikú Boseman àti ìpinnu Marvel

Ọdún 2016 ni Boseman kọ́kọ́ ṣe T'Challa, ọba ilẹ̀ Wakanda inú ìtàn tó ń jẹ́ Black Panther, nínú Captain America: Civil War. Ó kú ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹjọ ọdún 2020, ní ẹni ọdún 43, lẹ́yìn ọdún mẹ́rin tó ti ń bá àrùn jẹjẹrẹ ìfun ńlá yí. Kò pariwo àìsàn náà síta, Coogler pàápàá kò mọ bó ṣe le tó.

Coogler ti kọ ìtàn kan fún apá kejì kí ikú yìí tó dé. Ọ̀rọ̀ bàbá àti ọmọ ló wà níbẹ̀: T'Challa, tó pòórá fún ọdún márùn-ún pẹ̀lú àwọn tí Thanos, ọ̀tá ńlá nínú àwọn fíìmù Avengers, pa rẹ́, padà wá bá ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n lójú. Coogler sọ lẹ́yìn náà pé ara Boseman kò le tó láti ka ìwé eré ọ̀hún, àti pé díẹ̀ ló kù kí òun fi iṣẹ́ fíìmù sílẹ̀ pátápátá.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, Kevin Feige, ààrẹ Marvel Studios, kéde pé wọn kò ní fi ẹlòmíràn ṣe T'Challa. Coogler àti Joe Robert Cole wá tún ìtàn náà kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nínú èyí tí wọ́n ṣe jáde, T'Challa wàjà ní ìṣẹ́jú díẹ̀ àkọ́kọ́ láìjẹ́ pé a rí ojú rẹ̀, ìyá rẹ̀ Ramonda di ìjọba mú, Shuri àbúrò rẹ̀ sì wá di Black Panther tuntun. Ọba mẹ́wàá, ìgbà mẹ́wàá ni ọ̀nà tí wọ́n gbà yanjú rẹ̀.

Àwọn tó ní kí wọ́n wá T'Challa mìíràn

Ìpinnu yìí kò tẹ́ gbogbo ènìyàn lọ́rùn. Àwọn olólùfẹ́ gbé àmì #RecastTChalla kiri orí Twitter, wọ́n sì kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí orí ìkànnì Change.org, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn fọwọ́ sí. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ọdún 1966 ni Stan Lee àti Jack Kirby ti dá T'Challa sílẹ̀ nínú ìwé ìtàn alàwòrán, ọdún mẹ́wàá kí wọ́n tó bí Boseman, nítorí náà kì í ṣe ohun ìní òṣèré kan ṣoṣo. Wọ́n ní ọba adúláwọ̀ tó gbọ́n, tó lọ́lá, tó sì lágbára bíi rẹ̀ ṣọ̀wọ́n lójú àwo fíìmù, pípa tí wọ́n sì pa á nínú ìtàn yóò gba nǹkan kan lọ́wọ́ àwọn ọmọ tó ń wò ó. Derrick Boseman, ẹ̀gbọ́n olóògbé, wà lára àwọn tó fara mọ́ èyí. Ó ní òun gbà pé àbúrò òun yóò fẹ́ kí ipa náà máa bá a lọ.

Wọ́n tún ń tọ́ka sí ìṣe Marvel fúnra rẹ̀. Don Cheadle gba ipa James Rhodes lọ́wọ́ Terrence Howard nínú Iron Man 2 lọ́dún 2010. Mark Ruffalo di Hulk lọ́dún 2012 lẹ́yìn Edward Norton. Èyí tó dùn wọ́n jù ni ti William Hurt, tó kú ní oṣù Kẹta ọdún 2022: ní oṣù Kẹwàá ọdún náà, tí Wakanda Forever ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kó jáde, ìròyìn kàn pé Harrison Ford ni yóò máa ṣe ipa Thaddeus Ross tí Hurt ń ṣe. Àfiwé náà ní ibi tó ti mẹ́hẹ. Howard àti Norton wà láàyè nígbà tí wọ́n rọ́pò wọn, fíìmù kọ̀ọ̀kan péré ni wọ́n sì tíì ṣe. Ross kì í ṣe olú ẹ̀dá ìtàn nínú fíìmù kankan nígbà Hurt. Ọ̀ràn ti Boseman yàtọ̀, nítorí òun ni ojú fíìmù tó pa ju bílíọ̀nù kan dọ́là lọ, ikú rẹ̀ sì bá àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ lójijì.

Èsì tí Feige fún ìwé ìròyìn Empire lọ́dún 2022 kò gùn: ó ní ó ti yá jù láti fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Àwọn tó fara mọ́ ọn ní kò sí òṣèré tí wọn kò ní fi wé Boseman láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀, àti pé ẹni tó bá gba ipa náà lọ́dún yẹn yóò kàn fi ara rẹ̀ ṣe ẹran ìrúbọ ni.

Àwọn òṣèré tó gbé ìtàn náà

Letitia Wright tó ṣe Shuri, ọmọ Guyana tó dàgbà sí Lọ́ńdọ̀nù, ni ẹrù já lé lórí. Ẹlẹ́fẹ̀ àbúrò ọba ló jẹ́ nínú apá kìíní, àwọn kan sì ń bi ara wọn bóyá ejìká rẹ̀ gba fíìmù odindi. Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà níbẹ̀: ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, ó gbé fídíò kan tó ń ṣiyèméjì nípa abẹ́rẹ́ àjẹsára Kòrónà sórí Twitter, ariwo náà sì pọ̀ débi pé ó kúrò lórí ìkànnì ọ̀hún. Àwọn kan ní kí Marvel yọ ọ́. Wọn kò yọ ọ́. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2021, ó farapa níbi tí wọ́n ti ń ya ìran eléwu kan ní Boston, wọ́n sì ní láti dá iṣẹ́ dúró láti oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kìíní ọdún 2022 kí ara rẹ̀ lè yá.

Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tó bá Angela Bassett jà. Ipa Ramonda tó ṣe mú kó gba àmì ẹ̀yẹ Golden Globe, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n yàn fún Oscar nítorí eré tó ṣe nínú fíìmù Marvel Studios, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Jamie Lee Curtis ló gbà á. Nínú ohun márùn-ún tí wọ́n tìtorí ẹ̀ yan fíìmù náà fún Oscar, ọ̀kan ló jẹ: Ruth E. Carter gba ti aṣọ, ó sì di obìnrin adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó gba Oscar méjì. Apá kìíní ló ti gba èyí àkọ́kọ́.

Ọ̀rọ̀ Namor, ọ̀tá Wakanda nínú fíìmù náà, gbòòrò díẹ̀. Ọba ìlú Atlantis ni Namor nínú ìwé ìtàn alàwòrán láti ọdún 1939, òṣèré aláwọ̀ funfun tàbí ará Éṣíà sì ni ọ̀pọ̀ ń fojú sọ́nà fún. Fíìmù Aquaman ti lo Atlantis ní ọdún 2018, nítorí náà Coogler sọ ìlú náà di Talokan, ó sì fi í fún àwọn ọmọ Maya tó sá kúrò lọ́wọ́ àwọn amúnisìn ará Spéènì. Tenoch Huerta, ọmọ Mẹ́síkò, ló ṣe Namor. Nínú fíìmù náà, èdè Maya ti Yucatán ni wọ́n ń sọ ní Talokan. Àwọn olólùfẹ́ ìwé àtijọ́ bínú, wọ́n ní wọ́n ti yí ẹ̀dá ìtàn padà. Àwọn aráàlú Mẹ́síkò tó jẹ́ ọmọ onílẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀: ojú irú wọn kì í sábà jẹ́ ti ọba lójú àwo fíìmù.

Dominique Thorne, tó ti dánrawò fún ipa Shuri nígbà apá kìíní, ló padà wá ṣe Riri Williams, ọ̀dọ́bìnrin akẹ́kọ̀ọ́ onímọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n tún ń pè ní Ironheart. Àtakò tí wọ́n ní sí i kò kan eré rẹ̀. Wọ́n ní fíìmù tó jẹ́ ti ọ̀fọ̀ kò yẹ kó máa polówó eré onípele tó ń bọ̀. Àtakò yẹn kò ṣeé fọwọ́ rọ́ tì, nítorí Marvel ti kéde eré Ironheart tirẹ̀ láti oṣù Kejìlá ọdún 2020. Daniel Kaluuya kò padà ṣe W'Kabi, ọ̀rẹ́ T'Challa nínú apá kìíní, nítorí iṣẹ́ fíìmù Nope tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Owó tó pa

Òpin ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ mú mílíọ̀nù 181.3 dọ́là wọlé ní Amẹ́ríkà àti Kánádà. Títí di ìgbà náà, kò sí fíìmù tó bẹ̀rẹ̀ nínú oṣù Kọkànlá tó pa tó bẹ́ẹ̀. The Hunger Games: Catching Fire ló ti wà nípò náà láti ọdún 2013 pẹ̀lú mílíọ̀nù 158. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni Wakanda Forever fi wà ní ipò kìíní kí Avatar: The Way of Water tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó fi kúrò nílé sinimá, ó ti pa nǹkan bíi mílíọ̀nù 454 níbẹ̀.

Ibi tí àwọn olólùfẹ́ ti ń ja ara wọn níyàn jù nìyí, ó sì yẹ ká fara balẹ̀ wò ó. Ẹni tó bá fi òpin ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nìkan wé ara, mílíọ̀nù 202 ti ọdún 2018 sí 181, yóò rí i pé ìdá 10 péré nínú 100 ló dín. Ẹni tó bá wo àpapọ̀ owó Amẹ́ríkà àti Kánádà, mílíọ̀nù 700 sí 454, yóò rí ìdá 35. Apá kìíní pa ìlọ́po mẹ́ta àtààbọ̀ owó òpin ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ rẹ̀. Apá kejì kò ju ìlọ́po méjì àtààbọ̀ lọ. Ó jọ pé àwọn tó fẹ́ wò ó kò fi falẹ̀ rárá, àwọn tó padà lọ wò ó lẹ́ẹ̀kejì ni kò pọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ìtàn ọ̀fọ̀ tó gba ìṣẹ́jú 161, èyí tó fi ìṣẹ́jú 27 gùn ju apá kìíní lọ, kì í ṣe ohun tí ènìyàn yóò tètè tún lọ wò. Èsì àwọn òǹwòran tí CinemaScore gbà fún un ní A. Apá kìíní gba A+.

Nílẹ̀ òkèèrè, Ṣáínà nìkan yí ìṣirò padà. Apá kìíní pa nǹkan bíi mílíọ̀nù 105 dọ́là níbẹ̀. Láti ọdún 2019, kò sí fíìmù Marvel tó wọ ilé sinimá Ṣáínà mọ́, ọjọ́ 7 oṣù Kejì ọdún 2023 ni wọ́n sì tó gba Wakanda Forever láàyè, nígbà tó ti wà lórí Disney+ láti ọjọ́ 1 oṣù náà. Kò pa tó mílíọ̀nù 20. Bí a bá yọ Ṣáínà kúrò nínú ìṣirò ọdún méjèèjì, owó òkèèrè dín ní nǹkan bí ìdá 28 nínú 100 dípò ìdá 37. Ọ̀rọ̀ òṣèré kò sí nínú ìyẹn. Wọn kò fi í hàn ní Rọ́ṣíà rárá, nítorí Disney ti dá iṣẹ́ dúró níbẹ̀ lẹ́yìn tí ogun Ukraine bẹ̀rẹ̀.

Àwọn tó ń pe fíìmù náà ní ìjákulẹ̀ kì í sábà ṣe ìṣirò tán. Ìròyìn fi yé wa pé bíi mílíọ̀nù 250 dọ́là ni wọ́n ná láti ṣe é, láìka ìpolówó. Ilé sinimá a máa mú nǹkan bí ìdajì owó tíkẹ́ẹ̀tì, àwọn ilẹ̀ òkèèrè sì ń mú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà mílíọ̀nù 859 kì í ṣe owó tó wọ àpò Disney. Síbẹ̀, èrè wà níbẹ̀. Nínú àwọn fíìmù ọdún 2022, ipò kẹta ló wà ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, ipò kẹfà sì ni kárí ayé. Ó ju Thor: Love and Thunder ọdún náà lọ, ó ju Guardians of the Galaxy Vol. 3 ti ọdún 2023 lọ díẹ̀, ó sì pa ju ìlọ́po mẹ́rin owó The Marvels lọ. Apá kìíní nìkan ni wọ́n lè fi wé e kó tó dà bí ẹni pé ó kùnà, apá kìíní yẹn sì jáde kí àrùn Kòrónà tó lé ọ̀pọ̀ ènìyàn kúrò nílé sinimá.

Ní Nàìjíríà

Èkó wà lára àwọn ìlú tí wọ́n ti ṣe àfihàn ńlá kí fíìmù náà tó jáde. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kọkànlá ọdún 2022, Coogler, Wright, Lupita Nyong'o, Danai Gurira, Winston Duke àti Huerta wà níbẹ̀, lásìkò àjọ̀dún fíìmù AFRIFF. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Marvel ṣe irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Johannesburg ni wọ́n ti ṣe ti apá kìíní. FilmOne, tó ń pín fíìmù Disney fún àwọn ilé sinimá níbí, kéde lẹ́yìn náà pé òun ni fíìmù àkọ́kọ́ tó pa bílíọ̀nù kan náírà ní Nàìjíríà. Nínú owó dọ́là ìgbà náà, kò tó mílíọ̀nù mẹ́ta, ẹ̀kán omi ni nínú mílíọ̀nù 859. Ṣùgbọ́n nínú ọjà sinimá Nàìjíríà, òkè ńlá ni: ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024 ni fíìmù Nàìjíríà kan, A Tribe Called Judah ti Funke Akindele, tó kọ́kọ́ dé orí bílíọ̀nù náà.

Àwọn ọmọ Nàìjíríà wà nínú iṣẹ́ náà pẹ̀lú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orin ni ohùn wọn ti ga jù. Ludwig Göransson, tó ṣe orin inú fíìmù, gba ohùn àwọn olórin sílẹ̀ ní Èkó. Tems ló kọ orin tó wà nínú fọ́nrán ìpolówó àkọ́kọ́, ó sì bá Rihanna kọ ọ̀rọ̀ orin Lift Me Up, tí wọ́n yàn fún Oscar. Burna Boy àti Fireboy DML, ọmọ Abẹ́òkúta, wà nínú àwo orin náà. Ní ti eré, Sope Aluko, tí wọ́n bí ní Nàìjíríà, ṣe ipa olùtọ́jú ètùtù nínú apá méjèèjì.

Lẹ́yìn fíìmù náà

Ìran tó kẹ́yìn fi ọmọkùnrin kékeré kan hàn ní Haiti, ọmọ T'Challa àti Nakia, tí orúkọ tí wọ́n ń pè é jẹ́ Toussaint, ṣùgbọ́n tí orúkọ rẹ̀ gan-an jẹ́ T'Challa. Àwọn tó ń kéde #RecastTChalla rí i bí ẹni pé Marvel gba ẹ̀bẹ̀ wọn ní ìdajì. Àwọn kan ní ẹ̀tàn ni, nítorí ọdún ni ọmọ náà yóò fi dàgbà. Nígbà tí wọ́n kéde àwọn òṣèré Avengers: Doomsday ní oṣù Kẹta ọdún 2025, Wright, Duke àti Huerta wà nínú wọn. Coogler ti sọ pé òun yóò ṣe apá kẹta. Denzel Washington sì ti sọ láti oṣù Kọkànlá ọdún 2024 pé Coogler ń kọ ipa kan fún òun nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ tó tún dá ìjíròrò tuntun sílẹ̀ lórí ipa tó lè jẹ́.