Wọ́n ní SAT kì í ṣe dandan mọ́: ẹ má tíì kó ìwé dànù

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé lóòótọ́ ni pé wọn ò béèrè SAT mọ́ l'Amẹ́ríkà?" Bí òbí bá ti jókòó síwájú mi, ìbéèrè yìí nípa SAT, ìdánwò àṣewọlé yunifásítì wọn, ló máa ń ṣíwájú. Èmi náà á sì bi í padà: yunifásítì wo?

Torí Amẹ́ríkà kò ní JAMB. Kò sí ọ́fíìsì kan tó ń pàṣẹ fún gbogbo wọn, kálukú ló ń ṣe tirẹ̀. SAT ti wà láti 1926, ACT, ìdánwò mìíràn irú rẹ̀, dé ní 1959. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Bowdoin ti ní kì í ṣe dandan láti 1969, àmọ́ kòrónà ló tú gbogbo rẹ̀ ká ní 2020. Wọ́n ti gbọ̀ngàn ìdánwò pa, wọ́n ní kí ẹni tó bá ní máàkì fi ránṣẹ́, kí ẹni tí kò ní má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Àrùn lọ tán, ọ̀nà wọn pín. MIT dá ìdánwò padà ní 2022. Ní 2024, Dartmouth, Yale, Brown, Harvard àti Caltech kéde pé àwọn náà ń dá a padà. Columbia ní tòun kò ní í jẹ́ dandan mọ́. Àwọn yunifásítì ìjọba tó wà lábẹ́ University of California kò tilẹ̀ ní í wò ó láti fi gba ọmọ wọlé, kódà bí ẹ bá fi 1600, máàkì tó ga jù lọ, ránṣẹ́.

Àárín àwọn tó ń béèrè rẹ̀ àti àwọn tí kì í wò ó lọ̀rọ̀ ti ń dojú rú: àwọn tó ní "bó bá wù yín." Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ọmọkùnrin kan láti Ògbómọ̀ṣọ́ gba 1390. Ilé ẹ̀kọ́ tó ń wá kọ ọ́ síta pé àárín 1450 sí 1540 ni máàkì àwọn ọmọ òun. Èmi ni mo ní kó fi tirẹ̀ pamọ́. Wọn ò gbà á. N kò lè sọ pé ìdí nìyẹn, àmọ́ bó bá jẹ́ lónìí ni, màá ní kó fi ránṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Iye méjì tí wọ́n ń kọ síta yẹn, ìdajì àwọn tó fi máàkì ránṣẹ́ ló wà láàárín wọn. Ìdá kan nínú mẹ́rin wà nísàlẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́rin wà lókè. Àwọn tó fi ránṣẹ́ nìkan ni wọ́n kà o. Ẹni tó ní 1350 tó fi pamọ́, tó sì wọlé, kò sí nínú ìṣirò. Ìyẹn ló fi ń dà bíi pé òkè ni gbogbo wọn wà. Nígbà tí Dartmouth yẹ ìwé wọn wò, wọ́n rí i pé àwọn ọmọ tálákà kan ti fi máàkì tí ì bá gbè wọ́n pamọ́, torí ibi tí ọmọ ti wá ni wọ́n fi ń díwọ̀n ohun tó gbà.

Àwọn tó kórìíra ìdánwò yìí ní àpò òbí ló ń wọ̀n, kì í ṣe orí ọmọ. Ọmọ olówó á gba lẹ́sìnnì, á ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, á mú èyí tó dáa jù. N kò lè jiyàn, ojú mi ló ń ṣẹlẹ̀. Àmọ́ ẹ wo ohun tó kù nínú fọ́ọ̀mù. Àròkọ: olówó lè gba ẹni tí yóò bá ọmọ rẹ̀ tún un ṣe títí á fi dán. Eré ìdárayá: ta ló ń fi ọkọ̀ ojú omi sáré ìje ní Ṣakí? Lẹ́tà olùkọ́: olùkọ́ tó ń kọ́ ọgọ́rin ọmọ ní kíláàsì kan, ìgbà wo ló fẹ́ ráyè kọ ojú ìwé méjì nípa ẹnì kan ṣoṣo? A1 méje nínú WAEC dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń kà á lọ́hùn-ún kò mọ ilé ẹ̀kọ́ yín, kò sì mọ bó ṣe jẹ́ gan-an. SAT ló mọ̀. Ìdí nìyí tí èmi tí mo ti bú ìdánwò yìí rí fi yí ohùn padà.

Owó rẹ̀ ń dunni, ó lé ní ọgọ́rùn-ún dọ́là fún àwa tá a ń ṣe é ní Nàìjíríà, ìdáríjì owó tí wọ́n ń fún àwọn ọmọ tálákà Amẹ́ríkà kò sì kan ọmọ tiwa. Bó bá jẹ́ pé ẹ máa yáwó ni, ẹ kọ́kọ́ wá àwọn tí kò béèrè rẹ̀. Ìgbáradì ò gbọdọ̀ gbówó lọ́wọ́ yín: ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì ti Khan Academy, ọ̀fẹ́ sì ni Bluebook tí wọ́n fi ń ṣe ìdánwò náà lórí kọ̀ǹpútà. Wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá ni. Nínú Gẹ̀ẹ́sì àti nínú ìṣirò, bí ọmọ bá ṣe ṣe sí ní apá kìíní ló ń sọ bí apá kejì yóò ṣe le tó. Kí ó má kánjú níbẹ̀rẹ̀.

SAT yàtọ̀ sí TOEFL àti IELTS, àwọn ìdánwò tí wọ́n fi ń wò bóyá ọmọ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀kan kò dúró fún èkejì. Àti pé páàsípọ́ọ̀tù ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá ń ṣe é ní Nàìjíríà, wọn kì í gba káàdì ilé ìwé. Ẹ ti wá a kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀, kí orúkọ inú rẹ̀ sì bá èyí tí ẹ kọ mu, lẹ́tà sí lẹ́tà.