Àtẹ́pààlà orí ẹ́ńjìnnì kì í fẹ́, lílu ni ó ń lu

Gbólóhùn kan wà tí ó máa ń bí mi nínú nígbàkúùgbà tí mo bá bá a pàdé nínú ohun tí wọ́n fi Yorùbá kọ nípa mọ́tò, òun náà ni pé gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì, ìyẹn ohun pẹlẹbẹ tí ó wà láàárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara rẹ̀ nísàlẹ̀, "ti fẹ́". Afẹ́fẹ́ ni ó ń fẹ́. Ìjì ń fẹ́, ènìyàn sì ń fẹ́ iná kí ó lè ràn. Ohun pẹlẹbẹ tí ẹnikẹ́ni kò lè fojú rí láìtú orí ẹ́ńjìnnì kò lè fẹ́. Ẹni tí ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ mú ọ̀rọ̀ ìṣe òyìnbó, blow, ó wo ìtumọ̀ tí ó ní níbòmíràn, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí kò bá a mu. Ohun tí ó ń dùn mí ni pé ẹni tí ó ní mínífáànù tí ó ti dàgbà, tí ó sì fi ń gbé aya àti ọmọ kiri, lè ka irú gbólóhùn yẹn kí ó máa retí pé nǹkan yóò bú gbàmù kí ó tó mọ̀ pé ọkọ̀ òun ń ṣàìsàn. Àìsàn yìí kì í sábà pariwo. Ó lè ti wọlé láti oṣù mélòó kan kí olówó ọkọ̀ tó fura.

Àtẹ́pààlà ni mo ń pe nǹkan náà, mo sì mọ̀ pé orúkọ mìíràn wà nílẹ̀. Àwọn mẹkáníìkì ń pè é ní tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì, n kò sì bá wọn jà, nítorí pé èdè tí ọ̀gá àti ọmọṣẹ́ fi ń gbọ́ ara wọn yé lẹ́nu iṣẹ́ ní iyì tirẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ yẹn sọ ibi tí nǹkan náà wà, kò sọ iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Àwọn kan ní kí á pè é ní èdìdì orí. A máa ń fi èdìdì di lẹ́tà tàbí àpótí kí á lè mọ̀ bí ẹnìkan bá ti tú u. Ẹ̀rí ni iṣẹ́ rẹ̀, kò sí agbára níbẹ̀. Èyí tí ó burú jù lójú mi ni ìdíhò. Ẹ gbé àtẹ́pààlà kan sókè sí ìmọ́lẹ̀, ẹ ó rí i pé ihò ni ó pọ̀ jù lára rẹ̀: ihò ńláńlá fún sílíńdà níbi tí iná ti ń jó, ihò wẹ́wẹ́ fún omi, ihò fún ọ́ìlì, ihò fún bọ́ọ̀tù. Bí ó bá dí àwọn ihò wọ̀nyí, ẹ́ńjìnnì kò ní í ṣiṣẹ́ mọ́. Kì í dí ihò rárá. Kì í jẹ́ kí ohun tí ó wà nínú ihò kan dé inú èkejì ni.

Ẹni tí àríyànjiyàn èmi àti rẹ̀ gùn jù ni ẹni tí ó yan àfipààlà. Ó ní ìhun rẹ̀ bá àfikún àti àfiwé mu, àti pé ẹni tí ó bá gbọ́ àtẹ́ lè rò pé àtẹ tí a ń pa ọjà sí ni. Mo gbà pé ìhun rẹ̀ tọ́. Àmọ́ igi lè jẹ́ àfipààlà, òkúta lè jẹ́ àfipààlà, ọgbà ilé náà lè jẹ́ àfipààlà. Tẹ́ ni ó gbé ọ̀rọ̀ yìí ró: ohun pẹlẹbẹ tí a tẹ́ sáàárín búlọ́ọ̀kù, ìyẹn ara ẹ́ńjìnnì nísàlẹ̀, àti orí ẹ́ńjìnnì, tí àwọn bọ́ọ̀tù sì fún mọ́lẹ̀ pinpin. Bí kò bá tẹ́ dáadáa, kò lè pa ààlà kankan, gbogbo ẹni tí ó bá ti tún ẹ́ńjìnnì tò rí ni ó sì mọ èyí. N kò lè fi tẹ́ sílẹ̀ nítorí pé ẹnìkan lè ṣi ohùn gbọ́.

Ẹ fojú inú wo ilé kan tí iná, omi àti ọ́ìlì jọ ń gbé, tí ó jẹ́ pé ògiri tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ni ó wà láàárín yàrá wọn. Iná ni oníjàgídíjàgan ilé: ooru rẹ̀ ń ju 2,000 ìwọ̀n Celsius lọ, bí ẹ́ńjìnnì bá sì ń yí ní ìgbà 2,000 ní ìṣẹ́jú kan, ìgbà 1,000 ni yóò fi èjìká gbá ògiri ní sílíńdà kọ̀ọ̀kan láàárín ìṣẹ́jú náà. Omi, tí ooru tirẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju 90 lọ, ń yí ilé ká láti máa gba ooru lọ́wọ́ iná. Ọ́ìlì ń gòkè, ó ń sọ̀kalẹ̀, ó ń bo ara àwọn irin tí ń yí kí wọ́n má baà ha ara wọn jẹ. Kò sí èyí tí ó lè ṣe láìsí èkejì, kò sì sí èyí tí ó gbọ́dọ̀ wọ yàrá ẹnìkejì. Ọjọ́ tí ògiri bá lu, yàrá méjì di ọ̀kan.

Lu ni ọ̀rọ̀ ìṣe tí Yorùbá ti ní kí ẹnikẹ́ni tó máa wá fẹ́ kiri. Garawa a máa lu, ògiri a máa lu, yàrá méjì a sì máa lu ara wọn. Ọ̀rọ̀ kékeré yìí sọ pé ihò ti wà níbi tí kò yẹ, ó sì tún sọ pé ọ̀nà ti là láti ibì kan dé ibòmíràn. Jó tí àwọn mẹkáníìkì ń lò kò burú, torí pé iná a máa jó etí àtẹ́pààlà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀kan péré nínú ọ̀nà tí ó ń gbà bàjẹ́ nìyẹn. Ẹni tí ó bá gba lu ni yóò lè béèrè ìbéèrè tí ó tọ́ lọ́wọ́ mẹkáníìkì rẹ̀: ó lu láti ibo sí ibo?

Bí ó bá lu láti iná sí omi, atẹ́gùn gbígbóná yóò máa ya wọ inú omi radiétọ̀. Ẹ ó rí i tí omi náà ń hó bí omi orí iná bí ẹ́ńjìnnì kò tilẹ̀ tíì gbóná, tí rọ́bà radiétọ̀ ń le koko láìpẹ́ tí a tan ọkọ̀, tí omi sì ń dínkù láìsí ibi tí ó ń kán sí nílẹ̀. Bí a bá pa ọkọ̀, omi tí ìfúnpọ̀ ṣì wà nínú rẹ̀ yóò wá gba ọ̀nà kan náà padà sínú sílíńdà, nítorí náà ni ọkọ̀ fi ń gbọ̀n bí a bá tan án láàárọ̀, tí èéfín funfun tí kò lọ bọ̀rọ̀ sì ń jáde ní sàléńsà. Bí omi àti ọ́ìlì bá lu ara wọn, ọ́ìlì yóò funfun, yóò sì ki. Irú ọ́ìlì bẹ́ẹ̀ kò lè dáàbò bo irin, kí á má sì wa ọkọ̀ náà mọ́. Kí á ṣọ́ra, nítorí pé ìfófòó díẹ̀ lábẹ́ ìdérí ọ́ìlì nìkan lè jẹ́ ìrì tí ìrìn kúkúrú ní ojú òtútù fà. Bí sílíńdà méjì bá lu ara wọn, agbára ni ọkọ̀ ń pàdánù. Èyí tí ó bá lu síta kò gba àlàyé.

Mínífáànù tí ó ti dàgbà wà nínú ewu yìí ju ọkọ̀ kékeré lọ. Ẹrù rẹ̀ pọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ní páìpù gígùn tí ń gbé omi gbígbóná lọ sẹ́yìn láti mú ìjókòó ẹ̀yìn móoru, èyí tí ó lè dípẹtà lábẹ́ ọkọ̀ kí ó sì máa jò láìsí ẹni tí ó mọ̀. Bí omi bá dínkù, ẹ́ńjìnnì a gbóná jù. Ní ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì, alumíníọ́mù ni orí, irin ni búlọ́ọ̀kù, ooru sì ń mú alumíníọ́mù fẹ̀ ní nǹkan bí ìlọ́po méjì ti irin. Àtẹ́pààlà wà láàárín méjèèjì bí wọ́n ti ń fà síhìn-ín sọ́hùn-ún lójoojúmọ́. Bí ooru bá wá kọjá ààlà, orí á wọ́, ìfúnpọ̀ bọ́ọ̀tù kò sì ní í dọ́gba mọ́. Ford Windstar ti ọdún 1995, tí ẹ́ńjìnnì V6 rẹ̀ (sílíńdà mẹ́fà ní ìlà méjì) tó lítà 3.8 ní orí alumíníọ́mù lórí búlọ́ọ̀kù irin, gbajúmọ̀ fún ìṣòro yìí.

Àyẹ̀wò tí mo fọkàn tán jù ni ti omi aláwọ̀ búlúù tí a ń fa atẹ́gùn ẹnu radiétọ̀ kọjá nínú rẹ̀: bí èéfín iná bá wà níbẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ á yí sí yẹ́lò. Oògùn inú ìgò tí wọ́n ń dà sí radiétọ̀ láti dí ibi tí ó lu kò tẹ́ mi lọ́rùn, nítorí pé ó lè dí ojú ọ̀nà omi tí kò ṣe nǹkan kan. Bí wọ́n bá tú orí, kí wọ́n fi irin gígùn tí ó tọ́ wọn ojú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìwé àtúnṣe kò gbà kí wíwọ́ rẹ̀ ju 0.05 sí 0.1 mílímítà lọ. Bọ́ọ̀tù tí olùṣe ọkọ̀ sọ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a ń lò kò gbọdọ̀ padà síbẹ̀, àárín ni kí wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún wọn lọ síta ní ìpele-ìpele, bí ìwé bá ti là á sílẹ̀. Kí wọ́n wá ohun tí ó mú ọkọ̀ gbóná kí wọ́n tó pa á dé, ìbá jẹ́ tẹ́mósítáàtì tí ń ṣí ọ̀nà fún omi gbígbóná, fáànù tàbí páìpù ẹ̀yìn. Ẹ́ńjìnnì V6 sì ní orí méjì; nínú mínífáànù tí wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì sí ní ìbú, èyí tí ó kọjú sẹ́yìn fara pamọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri tí ó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti ibi ìjókòó. Bí ti iwájú bá lu, kí wọ́n tú ti ẹ̀yìn náà, nítorí pé ooru kan náà ni méjèèjì jọ jẹ.