Sìmẹ́ǹtì Ló Ń Jẹ Òkúta Gogoro Ṣọ́ọ̀ṣì Yín

"Òkúta gogoro wa ń bó." Báyìí ni àwọn ìgbìmọ̀ ilé ìjọ àtijọ́ ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Bí a bá bi wọ́n wò, wọ́n á ní bírikìlà tó ń kọ́ ilé tuntun ló bá àwọn fi sìmẹ́ǹtì dí gbogbo agbede òkúta, ìyẹn àlàfo tó wà láàárín òkúta kan sí èkejì. Àtúnṣe yẹn gan-an ló ń jẹ òkúta.

Kò sí bí a ti ṣe é tí òjò kò ní wọ ara gogoro. Ibi tí omi yóò gbà jáde ni iṣẹ́ wà. Láìmù, ìyẹn ẹfun ìkọ́lé tí àwọn ará àtijọ́ fi ń dí agbede, rọ̀ ju òkúta lọ, omi sì ń gba inú rẹ̀ gbẹ. Sìmẹ́ǹtì le koko, omi kò rí i gbà kọjá, ni ó bá gba ojú òkúta. Iyọ̀ inú omi náà á dì sẹ́yìn awọ òkúta, á sì tì í bọ́. Ẹ súnmọ́ ọn wò: sìmẹ́ǹtì á yọ síta bíi férémù, òkúta àárín rẹ̀ á ti jìn wọnú bí àwo.

Òòlù àti ṣísẹ́lì tó tín-ín-rín ju agbede lọ ni ká fi yọ sìmẹ́ǹtì náà. Ẹ má gbé máṣíìnì agé-òkúta débẹ̀ rárá. Etí òkúta tó bá gé kò ní padà hù. Ẹ gbẹ́ ẹ wọlé ní ìlọ́po méjì fífẹ̀ agbede, kó má dín ní mílímítà 25. Ẹ fọ eruku rẹ̀, ẹ rin ín. Ẹ po òṣùwọ̀n kan láìmù NHL 3.5 (irú láìmù tí omi ń mú le) mọ́ òṣùwọ̀n méjì àbọ̀ yanrìn oníhóró, pẹ̀lú omi díẹ̀: bí ẹ bá fún un, kó di ara rẹ̀ mú láì rin àtẹ́lẹwọ́. Ẹ kì í sínú agbede. Bí àtàǹpàkò kò bá lè tẹ̀ ẹ́ mọ́ ṣùgbọ́n tí èékánná ṣì ń fá a, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì líle gbá a. Àpò tútù tí a ó fi bò ó ló kù, ọjọ́ méje ó kéré tán. Àwọn tí kò ní sùúrù ọjọ́ méje yìí ló ń sọ pé láìmù kò lágbára. Oòrùn ló gbẹ ẹ́ kíákíá tó fi di ìyẹ̀fun.

Àwọn tó ń ta oògùn a-lé-omi tí wọ́n ń fín sára òkúta, ẹ lé wọn. Omi tó bá gba òkè wọlé kò ní rí ọ̀nà jáde mọ́.

Èyí tó lè pa èèyàn ni irin tí àwọn ará àtijọ́ fi so òkúta pọ̀. Bó bá dógùn-ún, á wú ní ìlọ́po púpọ̀, á sì la òkúta láti inú. Irin tí kì í dógùn-ún ni ká fi pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ fi òòlù onígi kan òkúta kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá dún bí igbá òfìfo ti là lẹ́yìn. Ẹ fi okùn dí ẹsẹ̀ gogoro lọ́jọ́ náà gan-an, kẹ́ ẹ sì dá agogo lílù dúró títí akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ yóò fi gùn ún wò.