Ẹni tó bá fẹ́ lọ wo gòrílà, kó gba Kigali wọ Uganda

Àwọn tó bá ní ká bá àwọn ṣètò ìrìnàjò gòrílà, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń bèèrè ni pé ṣé Rwanda ló dáa ni àbí Uganda. Pámíìtì, ìyẹn ìwé àṣẹ láti lọ wo gòrílà, ti Rwanda jẹ́ 1,500 dọ́là, ti Uganda jẹ́ 800, wákàtí kan péré náà lẹ máa lò lọ́dọ̀ àwọn gòrílà níbi méjèèjì, èmi ò rí ìdí tí mo fi máa ní kẹ́ ẹ san ti Rwanda. Àmọ́ ẹ má lọ balẹ̀ sí Entebbe, pápákọ̀ òfuurufú Uganda o, torí látibẹ̀ dé igbó Bwindi tí gòrílà wà, gbogbo ojúmọ́ nínú mọ́tò ni. Báàlù wà tó ń ti Èkó lọ Kigali, olú ìlú Rwanda, tààrà, ẹ wọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ wá wọ mọ́tò gba bọ́dà Cyanika, ìlú Kisoro ní Uganda ò jìnnà sí bọ́dà rárá, tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́ ẹ ti wà ní Rushaga tàbí Nkuringo, ibi méjì tí wọ́n ti ń wọ igbó Bwindi. (Tó bá jẹ́ Buhoma tàbí Ruhija ni wọ́n kọ sórí pámíìtì yín, bọ́dà Gatuna lẹ máa gbà, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó sanwó.)

Rwanda kì í gba owó físà lọ́wọ́ àwa ọmọ Nàìjíríà fún 30 ọjọ́. Uganda ló ń gba 50 dọ́là, orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ti máa gbà á kẹ́ ẹ tó kúrò nílé. Físà kan wà tó kó Rwanda, Uganda àti Kẹ́ńyà pọ̀, 100 dọ́là, ó dáa fún ẹni tó máa dé Kẹ́ńyà, tó bá jẹ́ gòrílà nìkan lẹ bá lọ, ẹ kàn ń fowó ṣòfò ni. Yẹ́lò káàdì ńkọ́? Ẹ gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú lóòótọ́ o, ẹ má lọ ra káàdì lásán.

Tẹ́ ẹ bá dé bọ́dà, ẹ máa sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á lu òǹtẹ̀ ìjáde sí pásípọ́ọ̀tù yín, ẹ máa fẹsẹ̀ rìn sọdá lọ gba òǹtẹ̀ ti Uganda, dírẹ́bà á máa bá ìwé mọ́tò tiẹ̀ yí, tó bá sì ti kọjá, ọwọ́ òsì lá máa wà á lọ, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ń gbà ní Rwanda. Ohun tó ń kó bá àwọn èèyàn jù ni aago. Uganda fi wákàtí kan ṣáájú Rwanda, fóònù tó bá ṣì ń fa nẹ́tíwọ̀ọ̀kì Rwanda, aago Kigali lá máa sọ fún yín, bẹ́ẹ̀ nǹkan bí aago mẹ́jọ àárọ̀ Uganda làwọn rénjà, ìyẹn àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó, ti máa ń kó àlejò jọ, ẹni tó bá ní òun máa jí láti Kigali lọ́jọ́ náà gan-an lè débẹ̀ kí wọ́n ti wọgbó lọ, 800 dọ́là sì ti wọgbó tẹ̀ lé wọn nìyẹn. Torí náà, ẹ sùn mọ́jú ní Uganda.

Ẹ mú bàtà tó le àti ìbọ̀wọ́ dání, ewé kan wà níbẹ̀ tó ń jó ara bíi wèrèpè. Ẹ háyà alááàrù, àní tí ẹrù yín ò bá wúwo, wọ́n á fà yín gun òkè. Ọmọ tí ò tíì pé 15 ò lè wọlé, ẹni tó bá sì ń wúkọ́, àwọn rénjà máa dá a padà ni, torí ọ̀fìnkìn èèyàn máa ń ran gòrílà, ó sì lè pa wọ́n.